Owó Alágbàṣe àti Èènì Rẹ̀

Ẹ kà: Jeremiah 22:13–17, Rutu 2:4–16, II Ọba 12:4–15.



Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn máa ń tún ilé wọn ṣe. Nígbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí ilẹ̀ sì gbẹ, ni a ó rí àwọn bíríkìlà, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, àwọn akunlé, àwọn tí ń kan páànù, àti àwọn tí ń tún iná mànàmáná àti ẹ̀rọ omi ṣe, tí wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé. Nítorí olúkúlùkù ni ó fẹ́ kí ilé òun dára kí Kérésìmesì tó dé, kí àwọn ọmọ tí ń ti ìdálẹ̀ bọ̀ lè bá a ní ipò tí ó wuyì. Ohun rere ni èyí, a kò sì ní ìbáwí kan fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan so mọ́ ọn tí a kì í sábà gbọ́ lórí àga ìwàásù, èyí nì ni bí ó ti yẹ kí Kristiani ṣe sí àwọn tí ń fi ọwọ́ wọn ṣiṣẹ́ nínú ilé rẹ̀: ní ti owó tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn, àti ní ti ẹ̀bùn kékeré tí à ń fi lé e.

Gbogbo wa ni a mọ èènì. Kò sí obìnrin tí ń ra gààrí tàbí ẹ̀wà ní ọjà tí kì í dúró kí ìyá ọlọ́jà bu díẹ̀ lé e lẹ́yìn tí ó bá ti wọ̀n ọ́n tán, bí kò bá sì bù ú, oníbàárà yóò wò ó lójú, yóò ní, “Ìyá, èènì mi ńkọ́?” Èyí kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ojúkòkòrò. Àṣà wa ni, ó sì jẹ́ àmì pé ohun tí ó wà láàrin ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà kò mọ sí orí owó nìkan. Ǹjẹ́, ẹni tí ó gba èènì lọ́wọ́ opó tí ń ta ẹ̀wà ní òwúrọ̀, báwo ni ọwọ́ rẹ̀ ti ṣe há ní ìrọ̀lẹ́ sí ọmọkùnrin tí ó gun òrùlé rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán láti dí ibi tí ń jò? Agbára àti ìmọ̀ ni ọmọkùnrin náà ń tà. Nínú irú ọjà yìí, ẹni tí ó rà ni ó yẹ kí ó ronú èènì.

Ṣùgbọ́n kí a tó sọ̀rọ̀ èènì, a gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ná. Ìyá ọlọ́jà kì í bu èènì kí ó tó wọn ọjà pé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó wà láàrin wa tí wọn a máa na ọwọ́ èènì sí oníṣẹ́ kí ó má bàa rántí pé òṣùwọ̀n òun kò kún. Wọn a fún un ní ẹgbẹ̀rún kan náírà pẹ̀lú ẹ̀rín, wọn a sì dá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá rẹ̀ dúró di ìgbà tí ó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn rárá. Owó oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni a bù fún un, tí a sì ní kí ó dúpẹ́.

Ẹ wo Jehoiakimu ọba Juda nínú ìwé wòlíì Jeremiah. Ọkùnrin yìí kọ́ ilé tí ó ní yàrá ńláńlá àti fèrèsé púpọ̀, ó fi igi kedari bo inú rẹ̀, ó sì kùn ún ní ọ̀dà pupa. Bí ó bá jẹ́ ní òde òní ni, a bá sọ pé ó to táìsì dé orí ògiri, ó sì fi àwọn iná tí ń yí àwọ̀ padà sí àjà. Wòlíì náà ké ègbé lé e lórí, nítorí tí ó lo agbára aládùúgbò rẹ̀ láìsan owó rẹ̀. Ó sì fi baba rẹ̀ Josiah wé e: Josiah náà jẹun, ó sì mu, kò gbé ayé bí ẹni tí ìyà ń jẹ, ṣùgbọ́n ó ṣe òtítọ́ sí tálákà, ó sì dára fún un. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Ìwé Mímọ́ bínú sí ilé tí ó dára. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, ta ni ó ń sunkún nítorí rẹ̀?

Iṣẹ́ mi a máa mú mi lọ sí ibi ìyàsímímọ́ ilé tuntun. Mo ti rí i ní ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé bí a ti ń kọrin nínú pálọ̀, ẹni tí ó to táìsì tí a dúró lé wà ní ẹnu géètì, tí ń dúró kí àwọn àlejò lọ, kí ó lè bi baálé ilé léèrè ìyókù owó rẹ̀. A ti pa màlúù, ìlù ń dún, àwọn ẹgbẹ́ ti ra aṣọ kan náà. Ọkùnrin náà a jókòó lórí búlọ́ọ̀kù kan, a gbé oúnjẹ fún un pẹ̀lú, nítorí ìwà ọmọlúwàbí kò tíì kúrò lára wa pátápátá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, a ó sọ fún un pé bàbá ti rẹ̀, kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Owó ọpẹ́ tí a gbé wá síwájú pẹpẹ ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, owó ta ni?

Òfin tí Ọlọ́run fi lé Mose lọ́wọ́ kò gbà kí oòrùn wọ̀ kí a tó san owó alágbàṣe, ó sì sọ ìdí rẹ̀: tálákà ni, owó náà ni ó sì ń wò fún oúnjẹ ilé rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọdún 2024 ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ wa fi òfin sọ ọ́ di N70,000 pé kí owó oṣù òṣìṣẹ́ má ṣe dín sí i. Ṣùgbọ́n òfin náà kò kan ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, bẹ́ẹ̀ ni kò kan àwọn tí a ń sanwó fún gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Nítorí náà, òfin yìí kò dúró ti akunlé tí ó wà ní ilé rẹ ní òwúrọ̀ yìí. Ohun tí ó ní ni àdéhùn tí ó bá ọ ṣe, àti ìbẹ̀rù Ọlọ́run tí ó wà ní ọkàn rẹ. Ní àkókò yìí, tí a lè fi ẹ̀rọ alágbèéká fi owó ránṣẹ́ láti orí àga tí a jókòó lé, àwáwí wa ìbá ti dínkù. Síbẹ̀ a ti rí àwáwí tuntun, a ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, ọjọ́ mẹ́ta yóò sì kọjá tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà kò dára sí ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà nìkan.

Nígbà tí a bá ti san ẹ̀tọ́ tán, èènì kàn. Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí bí Boasi ti ṣe é. Lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tí ó dé oko, ó kí àwọn olùkórè rẹ̀ ní orúkọ Olúwa, àwọn náà sì dá a lóhùn. Lẹ́yìn èyí, ní àkókò oúnjẹ, ó pe Rutu, àlejò ará Moabu, sí ibi tí àwọn yòókù gbé ń jẹun, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ọkà yíyan fún un, títí ó fi yó tí ó sì ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà ni ó pàṣẹ fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ pé kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fa díẹ̀ yọ nínú ìdì ọkà, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún un, kí wọ́n má sì ṣe dójú tì í. Rutu ṣa á bí ẹni tí ó rí i he. Kò sí ẹni tí ó pè é síwájú àwùjọ láti wí fún un pé, “Gba èyí, nítorí mo ṣàánú rẹ.”

Ìkíni tí ó ṣíwájú yìí, kí a má ṣe fojú kéré rẹ̀. Àwọn baba wa kò kọjá lára ẹni tí ń ṣiṣẹ́ láìkí i, wọn kò sì fi ìkíni kan ṣoṣo kí gbogbo oníṣẹ́: aláró ní “Àrẹ̀dú o,” onídìrí ní “Ojú gbooro o,” àgbẹ̀ sì ní “Àroko bọ́dún dé o.” Nísinsìnyí a ń rí baálé ilé tí ó ń jáde nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní àárọ̀, tí àwọn ọkùnrin mẹ́rin ń po símẹ́ńtì ní iwájú ilé rẹ̀, tí kò ní sọ gíláàsì kalẹ̀ wí pé ẹ kú iṣẹ́. Yínni-yínni kí ẹni ó lè ṣe mìíràn. Kò sí èyí tí ó ń ná wa ní kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, kí a rántí ọ̀wẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ mọ ilé ní ayé àtijọ́, tí ó sì bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wẹ̀, kò sí owó níbẹ̀. Oúnjẹ àti ohun mímu ni onílé ń pèsè, ojúṣe rẹ̀ ni, a sì ń fi bí ó ti ṣe é mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́. Owó ti rọ́pò ọ̀wẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa, àwa sì rò pé nígbà tí owó ti wọlé, oúnjẹ ti jáde. Èmi kò wí pé ó di dandan kí onílé máa sè fún gbogbo alágbàṣe. Àwọn mìíràn ní owó oúnjẹ nínú àdéhùn wọn, kí a sì bi wọ́n léèrè. Ṣùgbọ́n omi tútù kì í ṣe ohun tí à ń bá ènìyàn ṣe àdéhùn lé lórí. Bí a bá sì fẹ́ fún wọn ní oúnjẹ, kí ó jẹ́ èyí tí àwa fúnra wa lè jẹ, kì í ṣe ọbẹ̀ àná-ìjẹta tí ó ti ń kan. Àti pé, ẹ̀yin ìyá ilé, bí ẹ bá ti fún alágbàṣe ní ẹ̀bà, ẹ má ṣe yọ owó ẹ̀bà náà nínú owó iṣẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ rò pé mo ń ṣe àwàdà. Èmi kò ṣe é.

Àwọn tí ọkàn mi gbé wà jù lọ nínú ọ̀ràn èènì yìí ni àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá ni a bá dá owó, ọ̀gá ni a sì san án fún. Ọmọ tí ó gbé yanrìn, tí ó di àkàbà mú, tí ó lọ ra ìṣó ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kò ní ìpín nínú rẹ̀ nígbà púpọ̀. Òun wà níbẹ̀ láti kọ́ṣẹ́ títí yóò fi gbòmìnira ni, òbí rẹ̀ tilẹ̀ ti lè san owó kí a tó gbà á. Nítorí náà nígbà tí ọ̀gá bá fi ẹ̀rín wí pé, “Ẹ wá nǹkan fún àwọn ọmọ,” tàbí tí atún-ẹ̀rọ-amúnáwá-ṣe bá fi ọwọ́ dúdú rẹ̀ hàn wá, tí ó sì bèèrè owó ọṣẹ, kí a má ṣe yára bínú. Ọ̀nà tí ó yẹ ni kí a fún ọmọ náà ní ọwọ́ ara rẹ̀, ní ojú ọ̀gá rẹ̀, kí a sì wí pé, “Ọ̀gá, mo fi èyí ta ọmọ yín lọ́rẹ.” Bí a bá fún un lẹ́yìn ọ̀gá, a ti kọ́ ọmọ náà láti máa fi nǹkan pamọ́, bí a bá sì fi í lé ọ̀gá lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kí ó má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àṣà yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì, tí í ṣe ọjọ́ Stefanu Mímọ́ nínú kàlẹ́ńdà Ìjọ wa, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Boxing Day. Ọ̀pọ̀ ni ó rò pé ọjọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n àpótí ẹ̀bùn àwọn ìránṣẹ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ni a gbà pé orúkọ náà ti wá. Samuel Pepys, akọ̀wé ìjọba kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1663 pé òun yà sí ọ̀dọ̀ oníbàtà òun, òun sì fi nǹkan sínú àpótí àwọn ọmọ ibẹ̀ nítorí Kérésìmesì. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ oníbàtà ni ó rántí, bí a ti ń wí yìí náà.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tí ọmọ wọn wà ní òkè òkun a máa bi wá: ǹjẹ́ kò yẹ kí a fi í ṣe òfin, bí ti Amẹ́ríkà, pé kí olúkúlùkù máa fi ìdá mẹ́ta nínú ogún tàbí ìdá kan nínú márùn-ún lé owó iṣẹ́? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ náà, agbáwo nílé oúnjẹ ni àṣà yìí dì mọ́ jù lọ. Ẹni tí ń tún ẹ̀rọ omi ṣe a máa ka wákàtí rẹ̀, a sì san án fún un, ẹnì kan kì í bá a wí bí kò bá rí èènì. Ní ti àwọn agbáwo, òfin àpapọ̀ ibẹ̀ gbà kí ọ̀gá máa san dọ́là 2.13 péré fún wákàtí kan láti ọdún 1991, bí ẹ̀bùn àwọn oníbàárà bá lè dí ìyókù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ènìyàn dúdú tí ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin Pullman mọ kíkorò irú ètò yìí. Owó oṣù wọn kéré, wọ́n sì ní láti máa rẹ́rìn-ín fún èrò kí wọ́n tó rí oúnjẹ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1925, A. Philip Randolph ni olórí wọn, ó sì di 1937 kí ilé iṣẹ́ náà tó bá wọn ṣe àdéhùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Kẹwàá 2024, òfin ti dè é pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ mú nínú ẹ̀bùn tí a fún òṣìṣẹ́. Gbogbo èyí fi hàn pé nígbà tí èènì bá jókòó sí ipò ẹ̀tọ́, tálákà ni ó ń jìyà rẹ̀.

Ewu mìíràn wà ní apá kejì. Ẹni tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tàbí ti ilé iṣẹ́ kan, tí ó sì ń gba owó oṣù láti wá so wáyà iná tí ó já ní òpópónà, tí ó bá dúró ní ìsàlẹ̀ òpó tí ó ní òun kò ní gùn ún àfi bí a bá kọ́kọ́ rí òun, ẹni náà kò béèrè èènì. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ó ń béèrè, ẹni tí ó bá sì fún un ti jẹ́ kí opó tí kò ní ohun tí yóò fún un wà nínú òkùnkùn pẹ́ sí i. Eliṣa kọ ẹ̀bùn Naamani. Gehasi sáré tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ náà, ó pa irọ́, ó sì gba tálẹ́ńtì fàdákà méjì àti aṣọ méjì, ó sì gba ẹ̀tẹ̀ Naamani mọ́ ọn. Àmì tí èmi fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ṣòro: èènì a máa tẹ̀lé iṣẹ́, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ a máa ṣíwájú rẹ̀; èènì a máa wá ní gbangba, èkejì a máa wá nínú àtẹ́lẹwọ́ tí a pa dé.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ wà nínú ìjọ, ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà fún yín pẹ̀lú. Ẹni tí ó gba owó àpò símẹ́ńtì mẹ́wàá, tí ó sì ra mẹ́jọ, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú èènì tirẹ̀ kí a tó fún un, kò sì yẹ kí ojú onílé korò sí i bí kò bá rí òmíràn. Bákan náà ni ẹni tí ń bá ọlọ́jà páànù lẹ̀dí àpò pọ̀ láti bu owó lé orí iye ọjà. Ẹ má ṣe fi èènì ṣe ohun tí ẹ óò máa béèrè títí ojú yóò fi ti onílé. Àwọn kan wà tí wọn kò ní. Ìyá arúgbó tí ń gbé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kalẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ láti fi tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe, kí ẹ gba ẹ ṣeun lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Òun náà lè san án ní ọ̀nà mìíràn: kí ó dárúkọ yín fún aládùúgbò tí ń wá oníṣẹ́ olóòótọ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ kì í ṣe owó nígbà gbogbo.

Ó ku ìjọ fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ Joaṣi ọba, àwọn àlùfáà ń gba owó àwọn ènìyàn láti tún ilé Olúwa ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀, ògiri sì wà bí ó ti wà. Nígbà náà ni Jehoiada lu ihò sí ìdérí àpótí kan, ó gbé e sí ẹ̀bá pẹpẹ. Nígbàkígbà tí ó bá kún, a ó kà á, a ó sì san án fún àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, àwọn ọ̀mọ̀lé, àwọn tí ń fi òkúta mọ ògiri àti àwọn agbẹ́kúta. Àwọn alábòójútó iṣẹ́ náà jẹ́ olóòótọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò béèrè ìṣirò lọ́wọ́ wọn. Ohun tí ó sì yà mí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé wọn kò fi owó náà ṣe àwo fàdákà, wọn kò ṣe ipè, wọn kò ṣe ohun èlò wúrà kan, nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ìwé Kronika Kejì, orí 24, fi kún un pé lẹ́yìn tí àtúnṣe parí ni a fi ìyókù ṣe ohun èlò ilé Olúwa.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, a máa ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ, a ó ní kí ó fi iṣẹ́ náà ṣe ti Olúwa, kí ó gba ìdajì. Bí ó bá fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀, Ọlọ́run yóò bù kún un; ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi orúkọ Olúwa fún un lọ́rùn, kí a sì má ṣe jẹ ẹ́ ní ìdajì tí ó gbà náà. Bí ìjọ kan bá wà ní àgbègbè wa tí ó jẹ akunlé tàbí akanlé ní gbèsè láti ọdún tí ó kọjá, kí akápò mú ìwé rẹ̀ wá sí ìpàdé ìgbìmọ̀ tí ń bọ̀, kí a san ìyẹn ná, kí a sì wá nǹkan fún àwọn ọmọ tí ó gbé àkàbà, kí a tó sọ̀rọ̀ aṣọ pẹpẹ tuntun.